Ẹran Tó Ṣẹ́kù Lọ́rùn Bosena

Kidane Meda,
Ọjọ́ kejì, oṣù Kẹwàá, 1994.

Wubit ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé ò ń jẹun? Ṣé àwọn òyìnbó tí ò ń bá gbé ń jẹ́ kó o sùn? Ní tèmi, kò sóhun tó ń ṣe mí, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run àti fún Giyorgis Mímọ́. Àárò rẹ nìkan ló ń dùn mí. Màlúù wa ti bímọ, akọ ni. Òjò ti dá, ọkà tẹ́fù sì ti ń yọrí lóko.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ ròyìn Àjọ̀dún Àgbélébùú fún ọ. Nígbà tí wọ́n finá sí igi, tí àwọn obìnrin tò yí i ká tí wọ́n ń kọrin, èmi ni mo dúró síwájú. Mo ṣí ọrùn mi sílẹ̀ gbayawu. Ṣé o rántí pé láyé ìgbà kan mi ò lè lọ síbi àjọ̀dún láìjẹ́ pé mo wé aṣọ mọ́ ọrùn bí ẹni tí ibà ń ṣe? Ìyẹn ti dìtàn. Àwọn ìlà tí wọ́n fín sí mi lọ́rùn nígbà tí mo wà lọ́mọge, tí wọ́n ní yóò lé gẹ̀gẹ̀ sẹ́yìn, oníṣẹ́ abẹ gé wọn láàárín nígbà tó ń yọ gẹ̀gẹ̀ mi nílé ìwòsàn Gondar, nígbà tó sì rán an pa dà, ìlà ò bá ìlà mọ́. Mo máa ń sọ fáwọn èèyàn pé ẹnu ọ̀nà tí gẹ̀gẹ̀ gbà jáde nìyẹn, ó sì ti ilẹ̀kùn nígbà tó ń lọ. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí.

Yirgedu náà wà níbẹ̀, opó ẹ̀gbọ́n mi, tòun ti ẹrù rẹ̀ lọ́rùn. Mo ní kó má sún mọ́ iná, kí gẹ̀gẹ̀ ẹ̀ má lọ yọ́ bí òrí. Wọ́n ní ẹnu mi mú, ṣùgbọ́n ṣé mo purọ́ ni? Ó kàn wò mí. Àwọn ọmọ amọ̀kòkò kì í fèsì, wọ́n kàn máa ń wo èèyàn ni. Ọjọ́ kejì ló wá bá mi nílé, ó mú ẹyin adìẹ dání, ó ní kí n bá òun kọ̀wé sí ọ, pé bóyá o lè bá òun ṣètò kí wọ́n yọ tòun náà ní Gondar. Mo gba ẹyin lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní Ọlọ́run mọ ìdí tó fi sàmì sára ẹni tó sàmì sí, èmi ò ní bá a jiyàn. Bó ṣe lọ nìyẹn.

Oògùn tó o fi ránṣẹ́ ti dé. Wá ìborùn tó nípọn fún mi, òtútù ọdún yìí ń wọ̀ mí lára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Kó o sì máa kọ̀wé. Ìwọ nìkan kọ́ lọmọ tó lọ sílùú òyìnbó, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ ń kọ̀wé sí ìyá wọn.

Èmi ìyá rẹ,
Bosena.


Róòmù,
Ọjọ́ kọkànlá, oṣù Kọkànlá, 1994.

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Mo kúnlẹ̀ kí yín o. Mo kí ilé, mo kí àwọn aládùúgbò, ẹ kú ewu ọmọ màlúù. Ara mi le. Màmá arúgbó tí mò ń tọ́jú ṣì wà láyé, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni kò gbé e mọ́, èmi ni mò ń gbé e wẹ̀, tí mo sì ń gbé e jókòó. Lọ́jọ́ Àìkú, àwa ọmọ ilé máa ń pàdé, a ó po kọfí, a ó sọ̀rọ̀ ilé, a ó sunkún díẹ̀, oníkálukú á sì pa dà síbi iṣẹ́.

Ìyá mi, ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ sí Yirgedu dùn mí. Nígbà tí wọ́n fi yín sórí pákó tí wọ́n fi ń gbé aláìsàn, tí wọ́n gbé yín sọ̀kalẹ̀ lọ sójú títì, ta ló tẹ̀ lé yín dé Gondar? Èmi wà ní Róòmù. Yirgedu ló sùn sórí ilẹ̀ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì yín. Òun ló ń se ọbẹ̀ ṣírò nínú ọgbà ilé ìwòsàn, tó ń fọ aṣọ tí ẹ̀jẹ̀ yín rin. Tòun ti gẹ̀gẹ̀ tiẹ̀ lọ́rùn, ó ń tọ́jú ẹni tí wọ́n yọ tiẹ̀. Ẹ sì gba ẹyin lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ ní kó máa lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún un pé mo gbọ́. Mo ti ń wádìí bí n óò ṣe ràn án lọ́wọ́.

Mo fi oògùn mìíràn àti ìborùn ránṣẹ́. Ẹ má gbàgbé ohun tí dókítà sọ. Kò yọ gẹ̀gẹ̀ náà tán. Ó mọ̀ọ́mọ̀ fi ẹran bíńtín sílẹ̀ lẹ́bàá iṣan ohùn, kí ohùn yín má baà lọ. Oògùn yìí ni kò ní jẹ́ kí ẹran náà tún dìde. Láràárọ̀ ni kí ẹ máa mu ún, kí ẹ tó jẹun, títí ọjọ́ ayé yín.

Ẹ wá gbọ́ ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín. Mo ti lè ka èdè wọn báyìí. Mo jókòó, mo ka ìwé pélébé tó wà nínú páálí oògùn yín, mo sì rí i pé ṣúgà tí wọ́n yọ lára wàrà wà nínú rẹ̀. Àwọn òyìnbó! Wàrà ni wọ́n fi ń jẹun, wàrà ni wọ́n tún fi ń ṣe oògùn. Mo ní bí Abba Tirfe àlùfáà wa bá gbọ́, á ní kí wọ́n ṣe ìwẹ̀nùmọ́ fún gbogbo ilé ìwòsàn.

Ọmọ yín,
Wubit.


Kidane Meda,
Ọjọ́ kejìlá, oṣù Kìíní, 1995.

Wubit ọmọ mi,

O kú ọdún Ìbí Olúwa. Ṣé wọ́n fún ọ láyè láti lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì? A já ààwẹ̀ láyọ̀, a pa àgùntàn, mo sì jẹun débi tí mo fi sùn lórí ìjókòó. Oorun ni mò ń sùn ṣáá lásìkò yìí. Mo lè sùn lójú ọ̀sán gangan, àwọn èèyàn á máa rìn kọjá mi.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ fún ọ̀rọ̀ wàrà tó o sọ fún mi. Ọmọ gidi ni ọ́. Mo mú lẹ́tà rẹ lọ bá Abba Tirfe tó ń gbọ́ ìjẹ́wọ́ mi, ó kà á, ó ní òkèèrè kò ba ọmọ yìí jẹ́, ó ṣì ń ṣọ́ ọkàn ìyá rẹ̀. Tẹ́lẹ̀ pàápàá, mi ò kì í mu ún láàárọ̀ Ọjọ́rú àti ọjọ́ Ẹtì, nítorí ẹni tó bá gbé omi mì láàárọ̀ ààwẹ̀ ti jẹun nìyẹn. Mi ò sì mu ún nínú ààwẹ̀ ńlá tó kọjá. Ọlọ́run rí mi. Ṣùgbọ́n látìgbà tí mo ti gbọ́ pé wàrà, tí a kì í fi kan ẹnu nínú ààwẹ̀, wà nínú rẹ̀, mi ò fi kan ẹnu mi rárá lọ́jọ́ ààwẹ̀ kankan, ì báà ṣe àárọ̀, ì báà ṣe alẹ́. Gbogbo ààwẹ̀ Ìbí Olúwa yìí, inú páálí ló wà. Ara mi mọ́ tónítóní nígbà tí mo gba oúnjẹ Olúwa.

Ohun kan wà, má sọ ọ́ síta. Nǹkan kan wú lábẹ́ ojú ọgbẹ́ yẹn. Ó tó ẹyin ẹyẹlé. Kò dùn mí. Òtútù ló fà á, ìborùn tó o fi ránṣẹ́ ni mò ń wé mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n okùn ìrìbọmi tí wọ́n so mọ́ mi lọ́rùn láti kékeré ti fún mi, wá okùn dúdú mìíràn tó gùn fún mi níbẹ̀, kí n má baà rà á lọ́jà ibí kí àwọn ẹlẹ́nu máa bèèrè ìdí.

Yirgedu rí ìborùn náà, ó bi mí bóyá ọrùn ń dùn mí. Mo ní kó gbájú mọ́ ọrùn tiẹ̀. Mi ò tíì jíṣẹ́ tó o rán mi sí i.

Ìyá rẹ,
Bosena.


Róòmù,
Ọjọ́ kẹjọ, oṣù Kejì, 1995.

Ìyá mi,

Mo kí yín. Ẹ má bínú bí ìkíni mi bá kúrú.

Ẹ̀rín ni mo fi kọ ọ̀rọ̀ wàrà! Ẹ̀fẹ̀ ni! Mo rò pé ìyá àti ọmọ lè jọ rẹ́rìn-ín. Ta ló ní kí ẹ mú un lọ bá àlùfáà?

Mo bi dókítà màmá arúgbó náà léèrè, mo sì ṣàlàyé fún un. Ó ní bó ṣe ń lọ gan-an nìyẹn. Ẹran bíńtín tí wọ́n ṣẹ́kù sílẹ̀ dà bí ẹrú tó ń sùn. Lójoojúmọ́ ni oògùn ń sọ fún un pé kó máa sùn lọ, iṣẹ́ ti tán. Lọ́jọ́ tí ẹ ò bá mu ún, ara yín á máa pariwo pè é pé iṣẹ́ wà nílẹ̀, á sì dìde, á máa ga, á máa fẹ̀. Oorun tí ẹ̀ ń sùn, òtútù tó ń mú yín, àìmu oògùn ló fà á. Kì í ṣe ọdún òtútù. Ẹ ro ọjọ́ ààwẹ̀ yín nínú ọdún, Ìyá mi. Ó ju ọjọ́ tí ẹ fi ń jẹran lọ dáadáa. Ẹrú yín ti jí tipẹ́.

Ààwẹ̀ ńlá ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ẹ mu oògùn yín. Ṣọ́ọ̀ṣì wa kò ní kí aláìsàn gbààwẹ̀, Abba Tirfe mọ̀ bẹ́ẹ̀, bí ẹ bá sọ fún un pé aláìsàn ni yín. Ṣùgbọ́n ẹ ò ní sọ ọ́, nítorí pé ẹ ti dúró lẹ́bàá iná ṣí ọrùn hàn gbogbo ayé. Ẹ fẹ́ máa fi ààwẹ̀ yangàn níwájú Ọlọ́run bí ẹ ṣe fi ọrùn yangàn níwájú Yirgedu. Ẹ lọ sí Gondar kí òjò tó ba ọ̀nà jẹ́. Ẹ ní kó sìn yín lọ. Á tún sìn yín, mo mọ̀ ọ́n.

Okùn tí ẹ ní kí n rà, mi ò rà á. Ẹ ní kí wọ́n wo ohun tó jẹ́ kí tàtijọ́ kéré.

Wubit.


Kidane Meda,
Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù Kẹta, 1995.

Wubit,

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, mo sì fi dáná kọfí. Ọmọ tó ń fọ aṣọ ìdí arúgbó òyìnbó ló ń kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń gbààwẹ̀. Ó dáa.

Ṣé o fẹ́ mọ ohun tó ń ṣe mí? Mo ti mọ̀ ọ́n. Nǹkan tó wú náà ti tó ọwọ́ ọmọdé tó di ìkúùkù báyìí, ìborùn ò bò ó mọ́, àwọn ìlà ọrùn mi sì ti fẹ̀ kúrò lára ara wọn. Àwọn èèyàn ń wò mí. Àwọn tí mo máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ ń bo ẹnu rẹ́rìn-ín. Abba Tirfe bi mí bóyá ìgbà kan wà tí mo jẹ nǹkan ọwọ́ afojújẹni, irú àwọn tó ń fi ojú lásán jẹ ẹran ara ẹni. Mo rántí ẹyin Yirgedu. Ẹyin yẹn! Mo din ín, mo fi ínjẹ́rà jẹ ẹ́ lọ́jọ́ náà gan-an. Ọmọ amọ̀kòkò ni, gbogbo ayé mọ ohun tí wọ́n ń fi ojú wọn ṣe, ẹ̀gbọ́n mi nìkan ni kò gbọ́ títí ó fi kú.

Wọ́n gbé mi lọ sídìí omi mímọ́. Wọ́n da omi lé mi lórí, ó wọ̀ mí nímú, ó fún mi lọ́fun, mo ṣubú. Wọ́n ní mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, ohùn náà kì í ṣe tèmi. Bí afojújẹni bá ń jẹ èèyàn, òun náà ló máa ń gba ẹnu rẹ̀ sọ̀rọ̀, ìwọ náà mọ̀ bẹ́ẹ̀ láti kékeré. Wọ́n bi í pé, “Ìwọ ta ni?” Ó ní, “Yirgedu ni mí. Ọrùn rẹ̀ tó dán ni mo rí, ni mo bá jẹ ẹ́.” Gbogbo ìjọ ló gbọ́. Èmi ò rántí pé mo sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n sọ fún mi, inú mi dùn. Mi ò ní purọ́ fún ọ.

Nítorí náà, má sọ̀rọ̀ ẹrú tó ń sùn fún mi mọ́. Bí o bá fẹ́, máa fi oògùn ránṣẹ́, màá mu ún lẹ́yìn Àjíǹde.

Bosena, ìyá tó bí ọ.


Róòmù,
Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, oṣù Kẹrin, 1995.

Ìyá mi,

Ẹ kú ọdún Àjíǹde.

Mi ò lè sùn látìgbà tí lẹ́tà yín ti dé. Mo mọ ohun tí wọ́n ń ṣe fún ẹni tí wọ́n bá pe orúkọ rẹ̀ nídìí omi. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Kékeré ni mo wà nígbà tí wọ́n lé ìyá oníṣẹ́ irin yẹn jáde nílùú pé ó ń fi ojú jẹ èèyàn, ẹ gbé mi sí èjìká kí n lè rí i.

Ẹ gbọ́ mi dáadáa. Kò sẹ́ni tó fi ojú jẹ yín. Ẹran tara yín ni. Wọ́n fi í sílẹ̀ kí ẹ lè ní ohùn, ẹ wá fi ohùn náà pa ẹlòmíràn. Àbí ilẹ̀ ẹ̀gbọ́n yín tó wà létí odò ni ẹ̀ ń wò? Bí Yirgedu bá lọ, ta ni yóò máa ro ó?

Lọ́jọ́ Àìkú kan, nígbà tí ìsìn bá parí tí àwọn èèyàn ṣì wà nínú àgbàlá, kí ẹ dìde dúró kí ẹ sọ gbólóhùn kan pé, “Yirgedu kò jẹ mí.” Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Títí dìgbà tí ẹ bá sọ ọ́ tí ẹ sì kọ̀wé sí mi pé ẹ ti sọ ọ́, èmi Wubit ò ní fi hóró oògùn kan ránṣẹ́ sí yín mọ́. Mo fi Màríà búra.

Wubit.


Kidane Meda,
Ogúnjọ́, oṣù Karùn-ún, 1995.

Wubit,

Tọ́jú oògùn rẹ. Fi sínú kọfí fún arúgbó òyìnbó rẹ.

Mo pọ̀n ọ́ gun òkè, mo pọ̀n ọ́ sọ̀ kalẹ̀, mi ò sọ fún ọ rí pé bí o kò bá ṣe báyìí, n kò ní fún ọ lọ́mú. Ìwọ wá ń bá mi ná ẹ̀mí mi lọ́jà. Ó dáa náà.

O fẹ́ mọ bí Yirgedu ṣe wà. Wọn kì í jẹ́ kó pọn omi ní ìsun mọ́ títí gbogbo ayé á fi pọn tán. Àwọn ọmọdé ń tutọ́ sílẹ̀ bó bá ń kọjá. Kò sẹ́ni tó ra ìkòkò lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jà mọ́, wọ́n fọ́ mẹ́ta níṣojú rẹ̀, ó ṣa àfọ́kù wọn sínú agbọ̀n, ó gbé e relé. Ẹnu ọ̀nà mi ni mo jókòó sí tí mo ń wò ó. Kò wo ọ̀dọ̀ mi.

Ìjókòó ni mo fi ń sùn báyìí. Bí mo bá dùbúlẹ̀, nǹkan yìí á jókòó lé mi lọ́fun. Ohùn mi ti ha, ó ń já bíi ti àkùkọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ. Abba Tirfe ní ohùn Yirgedu ló ń jáde yẹn.

Bosena.


Róòmù,
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Kẹfà, 1995.

Ìyá mi,

Mo kí yín.

Oògùn yín wà lórí tábìlì níwájú mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Ọmọ ìlú Debre Tabor kan ń bọ̀ nílé lọ́sẹ̀ yìí, ó wá bi mí bóyá mo ní nǹkan láti fi rán òun sí yín. Mo ní rárá. Lẹ́yìn tó lọ, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà fún ìgbà pípẹ́, ṣùgbọ́n mi ò pè é pa dà.

Ẹ ní ẹ ò ná ẹ̀mí mi lọ́jà rí. Òtítọ́ ni. Ti Yirgedu ni ẹ̀ ń ná. Mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń le koko, Ìyá mi, ilé yín ni mo sì ti kọ́ ọ. Gbólóhùn kan ni mò ń retí. Ẹ kọ̀wé sí mi ká tó wọ oṣù Kẹsàn-án.

Wubit.


Kidane Meda,
Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù Keje, 1995.

Wubit, ọmọ mi,

Mi ò ní kí ọ pẹ́. Mo ṣe é. Ohun tó o ní kí n ṣe, mo ti ṣe é.

Má rò pé nítorí oògùn nìkan ni. Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, mi ò lè sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ìsun mọ́, bí mo bá gbé ẹsẹ̀ díẹ̀, èémí mi á máa fọn. Àwọn ọmọ àdúgbò ò wá sọ́dọ̀ mi mọ́, ìyá wọn ní ẹni tó bá sún mọ́ ẹni tí wọ́n ń jẹ yóò kó o. Omi tán nílé. Láàárọ̀ ọjọ́ kan mo ṣílẹ̀kùn, mo bá ìkòkò omi kan níbẹ̀, ó kún dé ẹnu. Ìkòkò Yirgedu ni, ta ni kò mọ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀? Mo fẹ́ dà á nù. Òùngbẹ ń gbẹ mí, mo mu ún. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, òmíràn tún wà níbẹ̀. Bó ṣe ń ṣe é nìyẹn, mi ò sì rí i lójú rí. Omi yẹn mú ojú tì mí. Ìtìjú ò mọ̀ mí tẹ́lẹ̀, ìwọ náà mọ̀, ṣùgbọ́n ó mú mi.

Nígbà tí ààwẹ̀ àwọn Àpọ́sítélì parí, lọ́jọ́ Àìkú, mo fi ọ̀pá tilẹ̀, mo lọ. Ìsìn parí. Àwọn èèyàn pọ̀ nínú àgbàlá, wọ́n ń yẹra fún mi. Mo dìde, mo nawọ́ sókè, gbogbo wọn kọjú sí mi. Mo la ẹnu.

Wubit, kò sí ohùn. Afẹ́fẹ́ ló jáde. Mo tún gbìyànjú, mo fi gbogbo agbára mi fà á, ohun tó jáde dà bí igbe ewúrẹ́ tí wọ́n so lọ́rùn. Itọ́ ń dà lẹ́nu mi. Mo wá nawọ́ sí Yirgedu tó dúró lẹ́yìn pátápátá lẹ́bàá ògiri, mo sì ń mi orí, kí n lè fi ọwọ́ sọ ọ́ pé òun kọ́, òun kọ́. Ọwọ́ mi ni àwọn èèyàn wò. Ọkùnrin kan sọ pé, “Ó ń fi í hàn wá. Ó ń jẹ ẹ́ lọ́wọ́ báyìí, níwájú Ọlọ́run.”

Mo bèèrè bébà pẹ̀lú ọwọ́. Ìwé kíkọ tí wọ́n kọ́ wa nígbà ìjọba ṣọ́jà, mo fi kọ ọ́ síbẹ̀ gàdàgbà pé Yirgedu kò jẹ mí, oògùn ni mi ò mu. Mo gbé e fún Abba Tirfe. Ó kà á síta, kò fo ọ̀rọ̀ kankan. Ó wá ká bébà náà, ó ní ẹni tí wọ́n ń jẹ kò ní ẹnu, kò sì ní ọwọ́. Ẹni tó sọ̀rọ̀ nídìí omi mímọ́ náà ló ń kọ̀wé yìí, ẹ̀rù ti ń bà á, ó fẹ́ sá. Wọ́n gbà á gbọ́. Báwo ni wọn ò ṣe ní gbà á gbọ́? Èmi ni mo kọ́kọ́ gbà á gbọ́.

Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti lọ sílé Yirgedu. Wọ́n fa òrùlé rẹ̀ wálẹ̀, òjò ń rọ̀ sínú ilé. Wọ́n fọ́ gbogbo ìkòkò. Wọn ò nà án, Abba ní kí wọ́n má nà án. Ó di aṣọ díẹ̀, ó sì gba ẹnu ọ̀nà mi kọjá, mo jókòó síbẹ̀ mi ò lè ṣe nǹkan kan. Ó dúró. Ó wo ọrùn mi, ó sì fi ọwọ́ kan tiẹ̀. Ó ní, “Kì í ṣe àánú rẹ ló ṣe mí tí mo fi ń pọnmi fún ọ, Bosena. Mo rò pé bí o bá pẹ́ díẹ̀ sí i láyé, wàá sọ òtítọ́.” Mo ń mi orí, mo ń lu àyà, mo ń na ọwọ́ sọ́nà ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní, “Mo rí ọ. O nawọ́ sí mi.” Ó sì lọ.

Odò ti kún. Ọ̀nà Debre Tabor ló gbà, a ò sì tíì gbọ́ bóyá ó kọjá. Bá mi wá a. O mọ èèyàn ní Gondar, kọ̀wé sí wọn, sọ fún un ohun tí mo fẹ́ sọ. Ìwọ nìkan ló lè gbà mí gbọ́, nítorí ìwọ lo ní kí n ṣe é. Bí o bá ní oògùn níbẹ̀, fi ránṣẹ́ kíákíá. Wọ́n ní lẹ́tà kankan ò ní kúrò níbí títí odò á fi fà, mo kọ ọ́ sílẹ̀ dè é.

Ìyá rẹ,
Bosena.


Róòmù,
Ọjọ́ kẹta, oṣù Kẹsàn-án, 1995.

Ìyá mi,

Mo dúró títí, kò sí lẹ́tà. Mo mọ̀ pé òjò máa ń dá ìfìwéránṣẹ́ dúró, mo fi ìyẹn tu ara mi nínú títí oṣù Kẹjọ fi parí. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ yín. Ká ní ẹ ti ṣe é ni, ẹ̀ bá ti wá ọ̀nà kí n lè gbọ́, kí ẹ sì bú mi lé e lórí.

Màmá arúgbó náà kú lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mo ti ríṣẹ́ sí ìlú mìíràn, lọ́nà jíjìn sí ìhín, mo sì ń kó lọ lọ́la. Mi ò fi àdírẹ́sì ibẹ̀ ránṣẹ́ sí yín, mi ò sì ní kí wọ́n máa fi lẹ́tà ṣọwọ́ sí mi láti ibí. Mo ti fún obìnrin kan ní oògùn yín, irú àìsàn yín ló ń ṣe é, ó ń mu ún láràárọ̀.

Gbogbo ọjọ́ ayé yín, ẹnu yín ò wúwo rí láti fi bú èèyàn. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo bẹ̀ yín pé kí ẹ fi gba èèyàn là, ẹ sì dákẹ́. Wọn ò yọ ohùn yín, Ìyá mi. Wọ́n fi í sílẹ̀ fún yín.

Wubit.